Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta

Ọkọ̀ mi kò tóbi. Bí mo bá na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀,
àtẹ́lẹsẹ̀ mi á kan ibi tí Kúforíjì ti fi ọ̀dà dí ihò.
Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan-àbọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Òde-Omi:
èmi ni ẹnì kan,
àwọ̀n ni àbọ̀.

Mọ́tò kékeré tí mo dè mọ́ ìdí rẹ̀ kì í pariwo.
Kò dà bí ẹ́ńjìnnì Ṣówálé
tí epìyà ti ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ kó tó yọ,
tí wọ́n á ti sá wọ abẹ́ eèsún.
Tèmi ń lọ bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà olówó tó yá.
Kì í mu epo. Iná ló ń jẹ,
ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì gbòòrò ju ojú rẹ̀ lọ.

Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo kọ́kọ́ rà fún un, àlòkù.
Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò bo ó.
Iṣẹ́ bátìrì bẹ́ẹ̀ ni kó jí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kó padà sùn.
Èmi ní kó bá mi rìn láti ìyálẹ̀ta dé ìrọ̀lẹ́.
Ó bá mi dé àárín ọ̀sà,
ó dákẹ́.
Pákó ìjókòó ni mo fi wakọ̀ délé;
èékánná mi méjì kò bá mi dé.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dọ̀ Odùsílé nítòsí Gáràjì Ìbàdàn,
ẹni tó ń fi ìka kan orí bátìrì bí ẹni ń yẹ bàrà wò.
"Olómi nìyí, ti iṣẹ́ pípẹ́. Má lò ó kọjá ìdajì.
Bí o bá gbẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, kò ní rántí ara rẹ̀ mọ́.
Kílò méjìdínlọ́gbọ̀n.
Lítíọ̀mù nìyí. Kò tó ìdajì ìwúwo yẹn,
o sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fá a dé ìdí bí àwo ọbẹ̀.
Àmọ́ owó rẹ̀..." Ó wo bàtà mi, kò parí ọ̀rọ̀.
"Ra olómi méjì. Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú:
fólítì méjìlá ṣì ni, ọjọ́ ló máa gùn sí i."

Mo gba ìmọ̀ràn sápò, mi ò tíì san kọ́bọ̀.

Mùíbátù kò béèrè iye owó.
"Kílò mélòó ni méjèèjì?"
Mo ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Ó rẹ́rìn-ín. Iye tí nọ́ọ̀sì kọ sí káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn gan-an.
Ó ká ìró sókè, ó wọnú ọkọ̀.

Ó jókòó sí ìdí: omi fẹ́ bá etí ọkọ̀ sọ̀rọ̀.
Ó sún síwájú: imú ọkọ̀ tẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń mumi.
Ó wá sí àárín, lórí àwọ̀n, ó ká ẹsẹ̀ kò.
Ọkọ̀ dọ́gba. Kò mì.
Inú mi ti ń dùn,
ó bojú wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó ní, "Ẹja ń kọ́? Orí ìtan mi ni yóò jókòó?"

Ẹyọ kan ni mo rà.
Mo fi okùn dè é síwájú, mo sì ra wáyà gígùn tó nípọn.
Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní sólà ló ti ń jẹun lálẹ́,
ẹja méjì lọ́sẹ̀ ni owó oúnjẹ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, níbi òpó tí mo máa ń ti yí padà,
obòkun ńlá kan sọ lókèèrè, ó tún sọ.
Mo wo míta. Ìdajì.
Mo wo àjẹ̀ lábẹ́ ìjókòó.
Mo tún wo míta.